Corolla 2006: skánà mú P0171 àti P0420, mẹkáníìkì ní kí n ra sẹ́nsọ̀ méjì. Kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Ọmọ_Òkè_Àdó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi.

Toyota Corolla 2006 ni mọ́tò náà, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE 1.8, jíà ọtọmátíìkì. Iná check engine tàn, kò ṣẹ́jú, ó kàn tàn kalẹ̀ ni. Mo ki ELM327 oníbúlútúùtù, skánà kékeré tó ń ka kóòdù, bọ ihò OBD2 rẹ̀, mo sì fi áàpù Torque wò ó lórí fóònù Android. P0171 àti P0420 ni ó gbé jáde.

Tí mo bá ṣáná sí i láàárọ̀, sílò rẹ̀ (bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí láì tẹ tọ́tù) a máa gbọ̀n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, lẹ́yìn náà a rọlẹ̀. Epo tí ó ń mu ti lé sí i. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra sẹ́nsọ̀ ọ́síjìn méjèèjì, pé ti sẹ́nsọ̀ ni kóòdù méjèèjì. Owó ojúlówó kò kéré, ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ́kọ́ béèrè. Mi ò tíì pa kóòdù rẹ́, mi ò sì tíì yọ orí bátìrì.

Kí ni mo lè fi skánà yìí yẹ̀ wò fúnra mi kí n tó náwó?

Rìwáyà_Gate

Ẹ ṣeun tí ẹ kò pa á rẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì yẹn. Nígbà tí kóòdù bá wọlé, kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì, èyí tí a ń pè ní brain box, máa ń ṣe àkọsílẹ̀ kan tí ẹ máa rí lójú fóònù bíi Freeze Frame. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe wà gan-an lásìkò tí ìṣòro náà hàn ni ó wà níbẹ̀: RPM (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan), bí mọ́tò ṣe ń sáré tó, bí omi ṣe gbóná tó, iye epo tí ó ń fi kún un. Ẹni tó bá pa kóòdù ti pa ìyẹn náà mọ́ ọn, a ó wá máa táràrà kiri.

P0171 kò sọ pé sẹ́nsọ̀ bàjẹ́. Ohun tí ó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ fún epo lọ, pé kọ̀ǹpútà ti fi epo kún un títí ó fi dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Sẹ́nsọ̀ iwájú ni ó mú ìròyìn náà wá. Iṣẹ́ tí a rán an ni ó jẹ́. Tí ẹ bá pààrọ̀ rẹ̀, tuntun náà yóò tún sọ ohun kan náà.

Bí a ṣe ń ka kóòdù: P ni ẹ́ńjìnnì àti jíà, C ni abẹ́ mọ́tò bíi ABS, B ni ara mọ́tò bíi airbag, U ni wáyà tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́, tí ó bá jẹ́ 0, ìtumọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ láti mọ́tò sí mọ́tò. Tí ó bá jẹ́ 1, ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò ni ó fún un ní ìtumọ̀, ẹ má fi ti Honda túmọ̀ ti Toyota. Nọ́ńbà kejì ló ń sọ agbègbè: 1 àti 2 ti epo àti afẹ́fẹ́, 3 ti iná plọ́ọ̀gì, 4 ti èéfín, 5 ti sílò, 6 ti kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, 7 ti jíà. Agbègbè ni o, kì í ṣe orúkọ ẹ̀yà tí ẹ máa lọ rà ní ọjà.

Ẹ lọ sí live data, ẹ yan Short Term Fuel Trim Bank 1, Long Term Fuel Trim Bank 1, Coolant Temperature, MAF Air Flow Rate (afẹ́fẹ́ tí sẹ́nsọ̀ MAF wọ̀n pé ó ń wọ ẹ́ńjìnnì) àti RPM. Fuel trim ni epo tí kọ̀ǹpútà ń bù kún, tàbí tí ó ń bù kúrò nínú, èyí tí ó ti ṣírò sílẹ̀. Short Term ni ti ojú ẹsẹ̀, a máa lọ sókè sódò. Long Term ni èyí tí ó ti kọ́ mọ́ra. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Tí àpapọ̀ wọn bá wà láàárín -10% sí +10%, kò sí wàhálà. Tí ó bá kọjá +20% tí kò sì wálẹ̀, iná náà lè tàn.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kí ẹ pa AC, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ní sílò, ìyẹn tí ẹsẹ̀ kò sí lórí tọ́tù, fún ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà ní RPM 2,500 fún ìṣẹ́jú kan. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni yóò tú àṣírí.

Tí ó bá ga ní sílò, tí ó sì já wálẹ̀ ní 2,500, ẹ́ńjìnnì ń jí afẹ́fẹ́ fà níbì kan lẹ́yìn sẹ́nsọ̀ MAF. Ihò kan náà ni, ṣùgbọ́n ní sílò afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mí sínú kéré, nítorí náà èyí tí ó ń jí wọlé á di ìpín ńlá nínú rẹ̀. Tí tọ́tù bá ṣí, ojúlówó afẹ́fẹ́ á pọ̀, ti olè á kéré lójú rẹ̀.

Tí ó bá dára ní sílò, tí ó wá ń gòkè bí ẹ ṣe ń tẹ tọ́tù tàbí tí ẹ ń gun òkè, epo ni kò dé tó: pọ́ǹpù ti rẹ̀, fílítà epo ti dí, tàbí kí MAF ti dọ̀tí kí ó máa ka afẹ́fẹ́ kéré ju bó ṣe yẹ. Fún 1ZZ, ìwọ̀n agbára epo nínú páìpù gbọ́dọ̀ wà ní 44 sí 50 psi. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n kò wọ́n, ó sì sàn ju kí a máa ra pọ́ǹpù lórí àbá lọ.

Ẹ kọ nọ́ńbà yín wá.

Fóònù_àti_Mọ́tò

Ohun tí Rìwáyà wí ni kí ẹ ṣe. Àmọ́ kí ẹ tó gba nọ́ńbà inú fóònù gbọ́, ẹ rí i pé ELM327 yẹn fúnra rẹ̀ ṣeé gbára lé.

Ihò OBD2 wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀, ojú 16 ni ó ní. Ojú 16 gan-an ni iná bátìrì ti ń wọlé, ojú 4 àti 5 jẹ́ áàtì. Tí ẹ bá ki skánà bọ̀ ọ́ tí iná rẹ̀ kò tàn rárá, ẹ wo fíúsì tí wọ́n kọ OBD sí kí ẹ tó sọ pé skánà ti kú. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, kì í ṣe ACC. Ní ACC, skánà lè tàn ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kò tíì jí.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ELM327 tí a ń rà lọ́jà jẹ́ àdàkọ. Àwọn tí wọ́n kọ v2.1 sí lára ni wọ́n máa ń dani láàmú jù: wọ́n á gbé kóòdù jáde, ṣùgbọ́n tí ẹ bá béèrè Freeze Frame tàbí Pending, wọ́n á dákẹ́, tàbí kí nọ́ńbà máa yí padà lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Irú èyí kò lè fi fuel trim hàn yín bó ṣe yẹ. v1.5 tó dára sàn jù ú lọ. Ti oníwáyà bíi Launch tàbí Autel, tí kò nílò fóònù, náà dára fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà.

Oní-Android á kọ́kọ́ so búlútúùtù pọ̀ nínú ètò fóònù, PIN rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 1234 tàbí 0000. Oní-iPhone kò lè lo búlútúùtù àtijọ́ yẹn. Oní-BLE (irú búlútúùtù tuntun) tàbí oní-Wi-Fi ni kí ó rà, inú áàpù ni yóò sì ti so ó pọ̀.

Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú ihò mọ́jú. Ó ń mu iná díẹ̀díẹ̀, bátìrì tí ara rẹ̀ kò le á kú.

Nǹkan méjì tí ẹ máa fi kún àkọsílẹ̀ yín: ẹ tẹ Pending Codes (kóòdù tí kò tíì tan iná), ẹ sì wo fólítì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí ó wà láàárín 13.5 sí 14.7. Tí ó bá wà ní 12 tàbí kéré sí i, ẹ tún ọ̀rọ̀ alternator ṣe ná, nítorí fólítì tó lọ sílẹ̀ a máa bí kóòdù tí kò ní orí tí kò ní ìdí.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Ẹ ṣeun gan-an. Nọ́ńbà rèé.

Freeze Frame ti P0171: RPM 736, mọ́tò dúró, omi 52°C, Short Term +14.8%, Long Term +19.5%.

Nígbà tó gbóná, ní sílò: Short Term +3.1, Long Term +15.6, MAF 1.9 g/s. Ní 2,500: Short Term 0, Long Term +4.7.

Fólítì 14.1. Nínú Pending, mo rí P0128.

Nǹkan kan tún wà: tí mọ́tò bá dúró sójú kan, omi ń dé 80°C, ṣùgbọ́n bí mo bá ti wọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, ó ń já sí 66 tàbí 68, kò sì ní gòkè mọ́. Ṣé skánà ló ń ṣìnà ni?

Rìwáyà_Gate

Skánà kò ṣìnà. Ìṣòro méjì ni ẹ ní, P0420 sì lè jẹ́ ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti afẹ́fẹ́, ẹnìkan á gba ti omi.

Ní sílò àpapọ̀ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó +19%, ní 2,500 kò pé +5%. Ẹ́ńjìnnì ń jí afẹ́fẹ́ fà. Ẹ tún wo Freeze Frame: omi 52°C, mọ́tò dúró, àpapọ̀ +34%. Ìyẹn ni pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù ni ó burú jù, ó sì bá gbígbọ̀n òwúrọ̀ tí ẹ sọ mu. MAF tó wà ní 1.9 náà jẹ́rìí sí i, fún 1.8 tó gbóná ní sílò, bíi 2 sí 3 g/s ni à ń retí, afẹ́fẹ́ tí ó kù ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé láì kọjá lójú MAF.

Nínú 1ZZ, ibi tí mo máa kọ́kọ́ fura sí ni gásíkẹ́ẹ̀tì intake manifold, páìpù tó ń pín afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Rọ́bà ni, ó jókòó sínú kòtò tí a gbẹ́ sára manifold oníke. Bí ọjọ́ bá ti lọ lórí rẹ̀, á le, á sì pẹlẹbẹ. Tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, àlàfo á wà. Tí ó bá gbóná, àwọn ẹ̀yà á fẹ̀, àlàfo á fún. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ wo họ́ọ̀sì PCV (èyí tó ń fa èéfín inú ẹ́ńjìnnì padà sínú rẹ̀), họ́ọ̀sì ńlá tó lọ sí booster bíréèkì, àti rọ́bà oníṣẹ́po tó so àpótí fílítà afẹ́fẹ́ mọ́ ojú tọ́tù. Rọ́bà yẹn a máa là nísàlẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ lè rí i.

Bí ẹ ṣe máa dán an wò: láàárọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ẹ ṣáná sí i, ẹ gbé fóònù sí ibi tí ẹ ti ń rí Short Term. Ẹ fi ike afínmi fín omi sí ibi tí manifold ti pàdé orí ẹ́ńjìnnì, ojú kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Níbi tí ihò bá wà, omi á dí i fún ìgbà díẹ̀, sílò á yí ohùn padà, Short Term á já wálẹ̀. Ẹ yàgò fún kọ́ìlì àti wáyà. Àwọn kan ń lo kábú kílínà. Ó ń fi hàn kíákíá ju omi lọ, ṣùgbọ́n ohun tó ń gbiná ni, sàléńsà gbígbóná sì wà nítòsí. Tí ẹ kò bá ní ohun ìpaná lọ́wọ́, omi ni kí ẹ lò.

Ohun kan tún wà: jíjò sàléńsà níwájú sẹ́nsọ̀ àkọ́kọ́ lè ṣe bákan náà, nítorí afẹ́fẹ́ ìta á wọlé, sẹ́nsọ̀ á rò pé inú ẹ́ńjìnnì ni ó ti wá. Ẹ tẹ́tí sí i láàárọ̀: tí ẹ bá gbọ́ tí-tí-tí ní ìdí manifold sàléńsà tí ó dákẹ́ nígbà tó gbóná, ẹ wo ibẹ̀ fún dúdú èéfín.

Tí ó bá jẹ́ gásíkẹ́ẹ̀tì: ẹ yọ orí odì bátìrì nígbà náà (ẹ ti kọ nọ́ńbà sílẹ̀, kò sí ewu), ẹ tú rọ́bà afẹ́fẹ́ àti ara tọ́tù, ẹ sàmì sí gbogbo họ́ọ̀sì, ẹ tú manifold, ẹ fi àkísà dí ojú ihò orí ẹ́ńjìnnì kí nọ́ọ̀tì má bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ nu ojú méjèèjì mọ́ tónítóní, ẹ má fi irin ha ike. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun á wọ kòtò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù kankan sí i o! Gọ́ọ̀mù ni àwọn kan máa ń fi ṣe é kí wọ́n má bàa ra gásíkẹ́ẹ̀tì. Kì í pẹ́ já, àjákù rẹ̀ á sì wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọwọ́ mú gbogbo nọ́ọ̀tì kí ẹ tó fi sípánà kàn án, kí ẹ sì máa le wọn láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀.

Ìyá_Sípánà

Ti omi ni tèmi. Ẹnìkan ti yọ thermostat mọ́tò yín, tàbí kí ó ti há ní ṣíṣí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé yíyọ ni.

Àwọn mẹkáníìkì wa a máa sọ pé ìlú òtútù ni thermostat wà fún. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí ó ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ púpọ̀. Thermostat kì í dá ooru sílẹ̀. Ti 1ZZ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní 80 sí 84°C. Kí ó tó dé ibẹ̀, ó dí ọ̀nà kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná. Tí ó bá ti dé ibẹ̀, ó ṣí ọ̀nà rédíétọ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, omi á máa yí kiri láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà á máa tutù ú. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń dé 80 tí mọ́tò bá dúró, tí ó sì ń já sí 66 lójú ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ́ńjìnnì ò tíì gbóná, á máa fún un ní epo òtútù. Epo tí ẹ ní ó ń mu sí i, ọwọ́ èyí wà nínú rẹ̀. Omi tó ń dá jọ nínú ọ́ìlì kò ní rí ooru tí yóò gbé e jáde, ọ́ìlì á di ẹrẹ̀.

P0128, tó ń sọ pé omi ẹ́ńjìnnì kò gbóná tó bó ṣe yẹ, wà ní Pending nítorí pé kọ̀ǹpútà ti rí ìṣòro náà lẹ́ẹ̀kan, ó ń dúró kó tún rí i kí ó tó tan iná. Ọ̀pọ̀ kóòdù Toyota ló ń bá ọ̀nà yẹn lọ: ìrìn méjì léra.

Ẹ ra ojúlówó, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó fi í sí i. Ẹ fi okùn so ó kọ́ sínú ìkòkò omi, kí ó má kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ ki ìdíwọ̀n ooru bọ omi náà, ẹ gbé e kaná. Ó gbọ́dọ̀ dí pátápátá nínú omi tútù, kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní nǹkan bí 82, kí ó sì ti ṣí tó mìlímítà 10 tí omi bá fi dé 95. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Tí ẹ bá ń fi í sí i, pínnì kékeré tó ń mì ara rẹ̀ lára rẹ̀ kí ó kọjú sókè, kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi jáde.

Ẹ má bu omi ẹ̀rọ sí i. Kúláǹtì ni, gbogbo rẹ̀ á tó bíi lítà 6 àti ààbọ̀. Ẹ́ńjìnnì tutù, ìdérí rédíétọ̀ ṣí, ẹ yí hítà sí gbígbóná jù, ẹ ṣáná, ẹ máa rọ ọ́ kún un títí ìfófòó á fi tán, kí ẹ tó dé e. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ẹnikẹ́ni má ṣí ìdérí náà. Á jó o lójú.

Tí wọ́n bá yọ ọ́ torí pé mọ́tò ń gbóná jù tẹ́lẹ̀, ohun tó fa gbígbóná yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi skánà wo omi lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi thermostat sí i: fáànù gbọ́dọ̀ tàn kí ó tó kọjá 100. Tí kò bá tàn, ẹ wo fáànù, rìlé rẹ̀, àti rédíétọ̀ tó ti dí.

Sàléńsà_Mọ́kọ́lá

P0420, tó ń sọ pé katalíìsì (ẹ̀yà sàléńsà tó ń fọ èéfín mọ́) kò ṣiṣẹ́ tó, ni kí ẹ fi sílẹ̀ dé ìkẹyìn. Kọ̀ǹpútà ń fi sẹ́nsọ̀ iwájú wé ti ẹ̀yìn katalíìsì. Tí katalíìsì bá ń ṣiṣẹ́, sẹ́nsọ̀ ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró sójú kan, bíi 0.6 sí 0.8 fólítì, tí ó bá ń fò láti 0.1 sí 0.9 lemọ́lemọ́, katalíìsì ti rẹ̀. Àmọ́ tí àdàlù epo àti afẹ́fẹ́ kò bá dọ́gba, bíi tiyín yìí, ìdánwò náà kò ṣeé gbà gbọ́. Ẹ má fi ohun tí sẹ́nsọ̀ iwájú ń kà wé nọ́ńbà wọ̀nyẹn o. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota Amẹ́ríkà, sẹ́nsọ̀ A/F (ti àdàlù afẹ́fẹ́ àti epo) ni ó wà níwájú, ọ̀nà tí ó fi ń kà yàtọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo abẹ́ mọ́tò. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti gé katalíìsì rẹ̀ tà nítorí irin iyebíye inú rẹ̀, tí wọ́n fi páìpù lásán rọ́pò. Tí ẹ bá rí páìpù tó lọ gbọọrọ pẹ̀lú wẹ́ẹ̀dìn tuntun níbi tó yẹ kó sanra, ẹ ti rí ìdáhùn P0420, kò sí sẹ́nsọ̀ tó lè wò ó sàn. Tí ó bá wà níbẹ̀, ẹ fi ọwọ́ gbá a nígbà tó tutù. Tí ó bá ń ró gbàrà-gbàrà, inú rẹ̀ ti fọ́.

Ẹ tún yọ igi ọ́ìlì wò. 1ZZ-FE tí ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀ ni a mọ̀ mọ́ jíjẹ ọ́ìlì nítorí ríìngì písítìnnì. Ọ́ìlì tó ń jó a máa pa katalíìsì. Ẹ kún un dé F, kí ẹ wò ó lẹ́yìn 1,000 kìlómítà. Tí ó bá ti já tó lítà kan, katalíìsì tuntun tí ẹ bá rà kò ní pẹ́ kú.

Epo náà wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì 2022, epo tí methanol inú rẹ̀ pọ̀ jù wọ Nàìjíríà, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà. Methanol gbé ọ́síjìn lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà á máa fi epo kún un, fuel trim á gòkè láìsí ihò kankan. Tí fuel trim bá ṣàdédé fò sókè lẹ́yìn tí ẹ ra epo níbi tuntun, ẹ jẹ́ kí epo yẹn lọ sílẹ̀ ná, kí ẹ ra ti ibòmíì, kí ẹ tún wò ó.

Bọ́sẹ̀_Ìjẹ̀bú

Ẹ dákun, ti ọkọ mi, Corolla 2005, iná yẹn máa ń ṣẹ́jú tí ó bá ń gun òkè, P0302 ni skánà sọ. Ṣé ọ̀rọ̀ kan náà ni?

Rìwáyà_Gate

Rárá o, ìyàtọ̀ ńlá ni. Iná tó ń ṣẹ́jú túmọ̀ sí pé epo tí kò jó ń lọ sínú katalíìsì, ó sì lè gbóná dé ibi tí yóò fi yọ́. Kí wọ́n dín eré kù, kí wọ́n má tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó tún rìnnà jíjìn.

P0302 ni pé epo kò jó dáadáa ní sílíńdà kejì. Láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́líìtì ni a ti ń kà á. Kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí wọ́n fi sípánà 10 tú kọ́ìlì 2 àti 4, kí wọ́n pààrọ̀ ààyè wọn, kí wọ́n pa kóòdù rẹ́, kí wọ́n wa mọ́tò gun òkè yẹn. Tí ó bá padà wá bíi P0304, kọ́ìlì ni. Tí ó bá ṣì jẹ́ P0302, kí wọ́n ṣe bákan náà fún plọ́ọ̀gì, sọ́kẹ́ẹ̀tì 16, àlàfo 1.1 mìlímítà. Plọ́ọ̀gì, ọwọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi yí i wọlé. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì, tí okùn rẹ̀ bá já, iṣẹ́ ńlá dé. Tí kò bá kúrò lórí 2 síbẹ̀, injector (ẹnu tó ń fín epo) tàbí compression (agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) ló kù. Tí ọ́ìlì bá wà nínú ihò plọ́ọ̀gì, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n pààrọ̀ pẹ̀lú.

Ará_Peckham

Fún àwa tí a wà ní Ìlú Ọba: láti ogúnjọ́ oṣù karùn-ún 2018, iná check engine yìí nìkan tó láti mú kí mọ́tò kùnà MOT, àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún, fún onípẹtiróòlù tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje 2003, àti oní-dísẹ́ẹ̀lì láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje 2008. Kí ẹ má dúró dé àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò.

Tí ẹ bá fẹ́ ra mọ́tò, níbikíbi tí ẹ wà, ẹ mú skánà lọ. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON láì ṣáná: iná check engine gbọ́dọ̀ tàn. Tí kò bá tàn, wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí wọ́n fi nǹkan bò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Readiness, ibi tí kọ̀ǹpútà ti ń fi àyẹ̀wò ara rẹ̀ tó ti parí hàn. Tí gbogbo rẹ̀ bá wà ní Incomplete, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ tàbí kí wọ́n ti yọ orí bátìrì kí ẹ tó dé. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ padà wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti wà á.

Ọmọ_Òkè_Àdó

Omi tí mo fín ní ìdí manifold lápá sílíńdà 3 àti 4 mú Short Term já láti +14 sí +2 lójú ẹsẹ̀. Mo tún ṣí ilé thermostat, òfìfo ni. Katalíìsì wà níbẹ̀, kò ró. Tí mo bá ti ṣe méjèèjì, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti tán, yàtọ̀ sí pé iná kú?

Rìwáyà_Gate

Ẹ pa kóòdù rẹ́ báyìí, ìgbà yìí ni ó tọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù mọ́jú, ẹ ṣáná sí i láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí ó wà ní sílò fún ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn náà ẹ wà á fún bí ìdajì wákàtí, apá kan nínú ìgboro, apá kan lójú ọ̀nà tó já gaara tí ẹ ti lè di 80 kìlómítà ní wákàtí mú láì dúró fún bí ìṣẹ́jú 10. Ẹ ṣe èyí lọ́jọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ní sílò tó gbóná, àpapọ̀ fuel trim gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ +10, omi kò gbọ́dọ̀ wá sísàlẹ̀ 80 lójú ọ̀nà, Pending gbọ́dọ̀ ṣófo. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo Readiness: nígbà tí Catalyst bá di Complete tí P0420 kò sì padà, owó sẹ́nsọ̀ méjèèjì ṣì wà lápò yín. Tí P0420 bá padà wá, ẹ kọ fólítì sẹ́nsọ̀ ẹ̀yìn wá síbí, ní 2,500 tí ó gbóná, fún ìṣẹ́jú kan.